Ta Ló Sun Ojú Kámẹ́rà Oòrùn?

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́!" Máníjà ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ọmọ gbà mọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kò tíì na ìka kankan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì ni, ó ń wo nǹkan pẹlẹbẹ dúdú kan tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ funfun. Nǹkan náà ń dán bí omi inú kànga, kò sì tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Àpá kékeré kan wà ní igun rẹ̀ tí kò ju orí pínnì lọ. Ibẹ̀ ti yọ́, ó ti hunjọ bí ọ̀rá tí iná bà.

"Nítorí èyí lẹ ṣe ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá?"

"Màdáámù, ojú kámẹ́rà nìyẹn. Kì í ṣe kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya ìyàwó o. Kámẹ́rà oòrùn ni." Máníjà, ọkùnrin kúkúrú tí òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ lẹ́yìn, nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Awò gígùn tí ẹ rí nínú gbọ̀ngán lọ́hùn-ún ló ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ, tó ń gbé e wá sí ìdí ara rẹ̀. Kámẹ́rà tí a ṣe síbẹ̀ ló ń yà á. Ojú yìí ló sì fi ń ríran. Àwọn tó ni awò ló yá wa, irú ẹ̀ ò sì wọ́pọ̀. Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé eku ló jẹ ẹ́?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti kúrò nídìí tábìlì kó tó sọ̀rọ̀ tán. Kòjókòó ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí irun ti ń funfun lórí rẹ̀ ni. Bí ìwádìí bá ti wà nílẹ̀, ìdí rẹ̀ kì í kan àga. A máa lọ síwá, a máa bọ̀ sẹ́yìn, a máa ṣí àpótí tí kò kàn án, bí ẹni tí eèrà wọ̀ láṣọ. Sájẹ́ǹtì tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ibi tó bá dé, àga ló kọ́kọ́ ń wá. Ó ti rí ọ̀kan báyìí, ó sì ti kún un dẹ́múdẹ́mú.

"Báwo ló ṣe jóná?" Kòjókòó bèèrè láti ìdí ògiri.

"Dígí kan wà lẹ́nu awò tó ń dènà ooru. Bí dígí yẹn ò bá sí níbẹ̀, tí èèyàn ṣí ìdérí awò, ooru á já wọlé ṣàà, ohun tó bá bá nídìí, á sun ún. Láàárọ̀ yìí a bá dígí adènà-ooru nínú àpótí ẹ̀, kò sí lẹ́nu awò. Ẹnì kan ló yọ ọ́."

"Ta ló ń ṣí ìdérí?"

Máníjà sún imú. "Àǹtí Pẹ́ńsù. Òun ló ṣètò ẹ̀rọ náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan. Ẹnjiníà kejì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò wá lónìí. Àná ni òun àti Àǹtí Pẹ́ńsù tahùn síra wọn débi pé ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ sá kúrò níbẹ̀. Mo pè é, kò gbé fóònù."

"Ọ̀gá," Sájẹ́ǹtì sọ láti orí àga, "ẹsẹ̀ tó ń sá kì í ṣàìní ìdí."

"Ẹsẹ̀ mi náà ń sá," Kòjókòó dá a lóhùn. "Dìde."

Wọ́n bá Àǹtí Pẹ́ńsù nínú yàrá kámẹ́rà. Yàrá náà kò ní fèrèsé kankan, nítorí ìmọ́lẹ̀ òde kò gbọ́dọ̀ bá kámẹ́rà nílé. Obìnrin bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ó fi pẹ́ńsù há irun ní àárín orí, òmíràn sì wà létí rẹ̀. Àpótí dígí adènà-ooru wà níwájú rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ múlọ́múlọ́ wé dígí náà, wọ́n sì ká etí aṣọ sínú dáadáa bí ìgbà tí ìyá ń tẹ́ ọmọ tuntun sùn.

"Ṣé o yẹ ẹnu awò wò kí o tó ṣí ìdérí láàárọ̀ yìí?"

"Mo... mo rò pé mo yẹ̀ ẹ́ wò, mà."

"O rò?"

"Mi ò rántí, mà."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ láti ẹnu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ tí wọ́n fi wé dígí náà. Kòjókòó wo aṣọ, ó wo obìnrin, ó tún wo aṣọ. Ó ti jáde.

Nínú yàrá ìdán-dígí, ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo ilẹ̀. Fèrèsé ńlá kan wà níbẹ̀ tó dojú kọ ìwọ̀ oòrùn, òkúta ìlọ̀ àti abọ́ ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń dán dígí sì tò lọ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó nídìí tábìlì, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó ń fi ìka méjì pa dígí kan láyìíká bí ẹni ń wá egbò lára ọmọ. Baba Dígí ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè é. Òun ló ń dán gbogbo dígí tó wọ inú ẹ̀rọ, òun náà ló sì bí Àǹtí Pẹ́ńsù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ẹ ṣé o. Ẹ̀yin ni ọlọ́pàá tí wọ́n ń wí." Bàbá gbójú sókè, ṣùgbọ́n etí Kòjókòó ló ń wò. Àní, ó ń wo ẹ̀yìn etí rẹ̀. Kòjókòó yíjú padà láti mọ ohun tó wà lẹ́yìn. Ògiri ni.

"Bàbá, ta ni ẹ rò pé ó yọ dígí náà?"

"Ta ni kí n rò? Ẹnì kan ti gbàgbé ni. Ìgbàgbé kì í ṣe olè. Oòrùn ló sun nǹkan yín, oòrùn ò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ o jàre, kí wọ́n wá ojú mìíràn, kí wọ́n sún ọjọ́ àyẹ̀wò síwájú. Ṣé ayé bàjẹ́ ni?"

Gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn etí Kòjókòó náà ló ń bá sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, Sájẹ́ǹtì fẹnu bò ó létí: "Ọ̀gá, ojú lọ̀rọ̀ wà. Bàbá yẹn ò lè wojú yín."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń purọ́, ilẹ̀ ló ń wò. Èwo ni ti etí?" Ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀. "Ká kọ́kọ́ wá ẹni tó sá."

Wọ́n bèèrè Ẹnjiníà nílé rẹ̀, wọ́n sì bá a ní ibùdókọ̀ ìtòsí ibẹ̀, níbi tó ti fi ara pamọ́ sẹ́yìn ọwọ̀n, tó di báàgì kan mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ẹyin. Bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá, ó gbéra. Sájẹ́ǹtì, tí kì í sáré, nasẹ̀ kan ṣoṣo sọ́nà, Ẹnjiníà sì kó sí i lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Kí ló wà nínú báàgì?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Báàgì tí kò ní nǹkan nínú ni o ń dì mọ́ àyà bẹ́ẹ̀? Ṣí i."

Ó ṣí i. Kòjókòó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ohun tó wà níbẹ̀ jáde: kóòtù tí wọ́n lọ̀, táì pupa kan, bàtà tí wọ́n kun títí tó fi ń dán bí dígí.

"Ìgbéyàwó lò ń lọ ni?" Sájẹ́ǹtì bèèrè.

Ọkùnrin náà fẹ́ sunkún. "Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí Máníjà gbọ́. Tí wọn ò bá gbà mí lọ́hùn-ún, tí èyí náà sì lé mi, mo gbé."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín títí tí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ fi ń wò ó. Kòjókòó kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yí ọkùnrin náà po.

"Kí lo rí lọ́bẹ̀ tó o fi ń sá kúrò níbi iṣẹ́ tí àyẹ̀wò rẹ̀ ku ọ̀la?"

"Nítorí àyẹ̀wò náà ni, mà. Ẹ̀rọ yẹn kò ní yege. Àwòrán tó ń yà kò mọ́. Ó yẹ kí gbogbo àmì ara oòrùn yọ fínnífínní, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìsàlẹ̀ odò ló rí. Dígí kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí à ń pè ní dígí asẹ́. Òun ló ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ pupa kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kó kọjá. Mo sọ fún Àǹtí Pẹ́ńsù pé dígí asẹ́ yẹn ló lábùkù. Ó ní rárá, ètò tí òun ṣe ni kò dára. Ohun tí a torí ẹ̀ jà lánàá nìyẹn."

Kòjókòó dúró sójú kan. Ìyẹn kì í sábàá ṣẹlẹ̀. "Ó ní ètò tòun ni kò dára?"

"Mo fi ìṣirò hàn án pé ètò ẹ̀ dára! Mo ń gbè é lẹ́yìn, ó ń bá mi jà. Mà, ṣé ẹ ti rí ẹni tí wọ́n ní kò jẹ̀bi tó ń kígbe pé òun jẹ̀bi?"

"Ta ló dán dígí asẹ́?"

"Ta ló tún ń dán dígí níbẹ̀? Baba Dígí ni."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kòjókòó ti wọnú ọkọ̀, ó sì ti ń fi ìka lu ilẹ̀kùn kí Sájẹ́ǹtì tó bá ìdí ara rẹ̀ dé orí ìjókòó.

Bí wọ́n ṣe mú Ẹnjiníà wọ ilé-iṣẹ́, tí Sájẹ́ǹtì gbé ọwọ́ lé e léjìká, tí Máníjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀!", ni Àǹtí Pẹ́ńsù yọ láti yàrá kámẹ́rà. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ọwọ́ Sájẹ́ǹtì.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni. Èmi ni mo yọ dígí adènà-ooru, èmi ni mo ṣí ìdérí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Máníjà, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ṣí, yíjú kúrò lára Ẹnjiníà sí i.

Kòjókòó kò mú un lọ sí àgọ́. Gbọ̀ngán ńlá ló mú un lọ, níbi tí awò náà nà gbọọrọ sí, ó gùn ju yàrá mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀léra wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí i ká.

"Kí ló dé tó o fi sun ún?"

"Inú ló ń bí mi, mà."

"Sí ta ni?"

Àǹtí Pẹ́ńsù yọ pẹ́ńsù etí rẹ̀, ó tún há a padà.

"Ó dáa. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa irú iṣẹ́ yìí. Kí n tó mú ẹ lọ, ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé. Kí ló wà nínú nǹkan gbọọrọ yìí?"

Obìnrin náà kọ́kọ́ ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa ẹrù. Ó fọwọ́ kan ibí, ó fọwọ́ kan ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bímọ, bí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀ ọmọ, kò pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ó fi yọ̀. Ó dá dígí adènà-ooru padà sáyè rẹ̀, ó ṣí ìdérí, ó gbé páálí funfun kan sí ìdí awò. Oòrùn yọ sórí páálí náà, ó rí róbótó, ó fẹ̀ bí ẹnu ife tíì, àmì dúdú wẹ́wẹ́ sì wà lójú rẹ̀.

"Ẹ wò ó! Àmì yẹn, èyí tó kéré jù nínú wọn tóbi ju gbogbo ilé ayé yìí lọ. Bí awò bá ṣe gùn sí, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn tó ń yà ṣe fẹ̀ sí. Wọ́n ní kí n ṣe èyí tó kúrú, mo kọ̀. Mo fẹ́ oòrùn tó fẹ̀, kí ojú lè rí inú ẹ̀."

"Ó fẹ̀ lóòótọ́. Ṣé kò fẹ̀ ju ojú kámẹ́rà lọ báyìí?"

"Ó fẹ̀ jù ú lọ dáadáa, mà. Ìyẹn la ṣe ń yà á ní abala-abala, tí a ó wá so wọ́n pọ̀."

"Nígbà tó o wá yọ dígí adènà-ooru, tí oòrùn fífẹ̀ yìí bà lé ojú kámẹ́rà lórí, ibo ló jóná?"

"Gbogbo ara ẹ̀ ló máa—"

Páálí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kòjókòó pa ìdérí dé fúnra rẹ̀. "Gbogbo ara ẹ̀ ló yẹ kó jóná. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí láàárọ̀, àpá tó wà lára ẹ̀ kò ju orí pínnì lọ. Oòrùn wo ló kéré tó bẹ́ẹ̀? Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́: awò gígùn, oòrùn fífẹ̀. Oòrùn tó bá rí bí orí pínnì, awò kúkúrú ló yà á, irú awò ọlọ́wọ́ tí ẹ fi ń wo nǹkan wẹ́wẹ́. Ẹnì kan tú ojú kámẹ́rà jáde, ó gbé e síwájú fèrèsé, ó fi awò ọlọ́wọ́ sun ún, ó dá a padà. Lẹ́yìn náà ló wá yọ dígí adènà-ooru kó lè dà bíi jàǹbá. Ẹnikẹ́ni ò sì ṣí ìdérí nígbà tí dígí yẹn ò sí lẹ́nu awò. Ọ̀rọ̀ yìí ti yé ẹ láti àárọ̀. O kàn ń gbàdúrà kó má yé mi ni."

"Ẹ mú mi lọ, mà." Omijé ti ń bọ̀. "Mo ní èmi ni. Ẹni tó bá ní òun ni, kí lẹ tún ń wá?"

"Mò ń wá ẹni tí ò sọ."

Ara Kòjókòó kò gbà á mọ́. Ó yí ilé-iṣẹ́ náà ká bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, ó ń yọjú sí fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé ọ́fíìsì Máníjà dojú kọ ògiri ilé kejì. Ti àwọn ẹnjiníà wà lábẹ́ òjìji ilé ìkẹ́rùsí. Yàrá kámẹ́rà kò ní rárá. Ti yàrá ìdán-dígí nìkan ló dojú kọ oòrùn, ọ̀sán nìkan ni oòrùn sì ń dé ibẹ̀. Ó bá Máníjà lẹ́nu ọ̀nà.

"Lọ́sàn-án àná, níbo ni gbogbo yín wà?"

"Ìpàdé la wà, ní ọ́fíìsì mi. Gbogbo wa. Àfi Baba Dígí. Ó ní ìpàdé kì í dán dígí."

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá, bàbá tó bí i?"

"Ìwọ náà ń bi mí." Kò yára bó ṣe máa ń yára. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdán-dígí, ó fọwọ́ ra ojú, kó tó wọlé.

Oòrùn ọ̀sán ti dé ojú fèrèsé ńlá, ó tẹ́ lé orí tábìlì rẹrẹ. Baba Dígí wà níbi tí wọ́n fi í sí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, a tún dé. Ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan wọ̀nyí ju gbogbo wa lọ. Ẹ bá mi wo ojú kámẹ́rà tó jóná yìí. Ṣé kò ṣeé tún ṣe báyìí?"

Bàbá gbà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó da orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún dà á sí ìkejì. Ó mi orí.

"Kò ṣeé ṣe nǹkan kan sí i. Àárín gbùngbùn ló ti jóná. Ká ní ẹ̀gbẹ́ ni, wọn ì bá ṣì fi ìyókù ríran."

Ẹnu Máníjà là láti sọ̀rọ̀. Kòjókòó gbé ọwọ́ sókè, ó pa á dé.

"Ta ló sọ fún yín pé àárín ni, Bàbá?"

"Ṣé mi ò lójú ni? Mò ń rí i."

"Ẹ̀gbẹ́ ni. Igun pátápátá ni, lápá ọ̀tún yín. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yìí ló ń rí i, àfi ẹ̀yin." Ohùn rẹ̀ kò le. "Ẹni tó bá lójú á rí i pé igun ni. Ẹni tí ò bá rí i, tí kò sì mọ̀dí ọ̀rọ̀, á ní òun ò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ pé àárín ni: ẹni tó jẹ́ pé àárín ló gbèrò láti sun. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yín."

Bàbá fa ìbọ̀wọ́ ọ̀tún bọ́, ìka kan tẹ̀ lé ìka kan. Ìléròrò kan wà ní orí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ó pọ́n yòò.

"Ìka lẹ fi wá ibi tí iná ti mú jù lábẹ́ awò ọlọ́wọ́," Kòjókòó ní, "nítorí ojú ò lè bá yín wá a."

Baba Dígí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ibì kankan. "Àárín ojú mi ti kú, ọmọ mi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí kámẹ́rà yìí, ojú wa la fi ń dán awò wò. Wọ́n ní ká máa fi dígí dúdú bojú. Ọ̀dọ́ ń gbọ́ràn bí? Ó bẹ̀rẹ̀ bí èéfín, ó wá ń dúdú sí i. Mò ń rí ẹsẹ̀ tábìlì. Mò ń rí ògiri tó wà lẹ́yìn yín. Ohun tí mo bá dojú kọ gan-an ni kì í sí níbẹ̀."

"Ẹ sì ń dán dígí lọ."

"Ìka mi ń ríran! Ó ti pẹ́ tó ti ń ríran. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dà mí. Dígí asẹ́. Ọmọ mi wá sọ pé àwòrán ò mọ́, mo sì mọ̀ lọ́kàn mi pé èmi ni. Bí àwọn àlejò bá wò ó lọ́la, wọ́n á tú u, wọ́n á bá gegele tó wà lójú dígí náà, wọ́n á bi mí pé báwo lojú mi ṣe fò ó. Mo ní tí ojú kámẹ́rà bá jóná, wọ́n á sún àyẹ̀wò síwájú. Mà á tún dígí náà dán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mi ò rò ó pé wọ́n á mú ẹnikẹ́ni. Ta ló ń mú èèyàn nítorí oòrùn?"

Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí Àǹtí Pẹ́ńsù ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnjiníà wà lẹ́yìn rẹ̀, báàgì ṣì wà láyà rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé dígí náà lábùkù," obìnrin náà ní. "Mo ti wọ̀n ọ́ níkọ̀kọ̀. Mo ní kí n sọ pé ètò tèmi ni kò dára, mo lè tún ètò ṣe, ojú ò ní tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wá rí aṣọ tí wọ́n fi wé dígí adènà-ooru láàárọ̀ yìí... ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wé dígí bẹ́ẹ̀, Bàbá mi."

Máníjà wo bàbá, ó wo ọmọ, ó yọ aago lọ́wọ́ bí ẹni tí aago náà ń jó. "Àyẹ̀wò ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún àwọn èèyàn ọ̀la?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ètò ẹ̀rọ náà dára," Àǹtí Pẹ́ńsù dá a lóhùn. "Dígí asẹ́ ni kò dára. A ó wá ẹlòmíràn tí yóò dán òmíràn."

Bàbá gbọ́ ọ. Ó gbé ìbọ̀wọ́ tó bọ́ lé orí tábìlì, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Kòjókòó ní, "Mo ní láti mú yín lọ, Bàbá. Nǹkan onínǹkan ni."

"Mo mọ̀."

Sájẹ́ǹtì ti fa ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ jáde. Ó wò ó, ó dá a padà sápò, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè.

Bàbá dìde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa etí tábìlì lọ síbi ilẹ̀kùn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ìyẹn kò yà fún un.

"Bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́. Mo ti ní èmi ni. Ẹ gbọ́ ọ látinú yàrá yìí, gbogbo ilé ló gbọ́. Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá mìíràn ló wá, tó sì mú mi lọ, ṣé ẹ̀ bá sọ?"

Arúgbó náà la ẹnu.

"Ó wù mí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Bó o ṣe sọ ọ́ tán, mo dìde nídìí tábìlì yìí. Mo tún jókòó. Mo tún dìde. Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

Àǹtí Pẹ́ńsù yà fún un. Ó fi ara ti ògiri, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń lọ láàárín àwọn ọlọ́pàá méjì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọjá gbọ̀ngán, títí dé ẹnu ọ̀nà ìta. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàbá ti dúró sínú afẹ́fẹ́, tó ń wá ilẹ̀ tí kò rí. Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ sí i.

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i tó sáré.

"Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀," ó ní. "Ó ga. Ẹ fara balẹ̀."

Kò pè é ní bàbá. Ṣùgbọ́n ó di apá rẹ̀ mú, kò sì tú u sílẹ̀ títí tí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀.